Adití Ló Tú Àṣírí Ìràwọ̀ Tó Ń Ṣẹ́jú!

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ owó gaàrí sílẹ̀ díẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, ká gbójú sókè.

Ìràwọ̀ kan wà lójú ọ̀run tó ń jẹ́ Algol. Àwọn Lárúbáwá ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni orí iwin. Ìràwọ̀ yìí á máa tàn dáadáa, tó bá yá, iná rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí lọ sílẹ̀ bí àtùpà tí epo ẹ̀ fẹ́ tán, títí yóò fi ku bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Lẹ́yìn wákàtí bíi mélòó kan, ó ti padà bọ̀ sípò. Ta ni kò ní sọ pé iwin wà níbẹ̀?

John Goodricke, ọmọkùnrin adití kan ní ìlú York ní England, ló tú àṣírí náà. Ọmọ ọdún 18 ni ní 1782 tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ Algol lálaalẹ́, tó ń kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀ bí alájọ ṣe ń sàmì sí káàdì. Ó wá rí i pé ìràwọ̀ náà ní ọjọ́ tirẹ̀, bí ọjà ṣe ní ọjọ́ tirẹ̀. Tí iná rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó di ọjọ́ 2, wákàtí 20 àti ìṣẹ́jú 49 kó tó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í yẹ̀ ẹ́. Télọ̀ mélòó ló ń pa àdéhùn mọ́ báyẹn? (Ẹ má bínú o, ẹ̀yin ará mi.)

Goodricke ní ó lè jẹ́ pé nǹkan ńlá kan ló ń yí ìràwọ̀ náà po, tó ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ní 1889, Hermann Vogel ní Jámánì fi ẹ̀rí hàn pé òótọ́ ni: ìràwọ̀ méjì ni! Ẹ̀yin tó ń tajà alẹ́, ẹ ro iná gáàsì kan àti àtùpà elépo kan tí wọ́n ń yí ara wọn po lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tó wà lókèèrè á rò pé iná kan ṣoṣo ni. Tí àtùpà bá bọ́ síwájú gáàsì, ìmọ́lẹ̀ á dín. Tó bá kọjá tán, á tún mọ́lẹ̀. Èyí tí kò mọ́lẹ̀ tó yẹn ló sì tóbi jù.

Wọ́n fún Goodricke ní àmì ẹ̀yẹ Copley ní 1783. Ó kú ní 1786, kò tíì pé ọmọ ọdún 22. Ó dùn mí o.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, ìwọ tí o ní ọmọ adití nílé, tí o ń sọ pé kí ló fẹ́ fi ìwé ṣe: àwọn òbí ọmọ yìí rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití ní Edinburgh. Ká ní wọ́n fi í sẹ́yìn ilé kó máa lé adìyẹ ńkọ́?

Tó bá di December, kí eruku ọyẹ́ tó bo ojú ọ̀run, ẹ kọjú sí àríwá ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Algol wà lókè níbẹ̀. Ẹ ní kí olùkọ́ àwọn ọmọ yín fi hàn yín.