Akàn Inú Àpótí Ìsàlẹ̀: Ta Ló Jẹ̀bi?

Lẹ́tà kan dé ọwọ́ mi lọ́sẹ̀ yìí, mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà á dé ìparí, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ gíláàsì l'Ékòó ló kọ ọ́. N ò ní dárúkọ rẹ̀, òun náà ló bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀.

Ó ní ọ̀gá kan gbé iṣẹ́ fún òun, kí òun ṣe àpótí gíláàsì gbàǹgbà tí yóò máa fi sin ẹja òkun ní pálọ̀, àti kékeré kan tí yóò wà lábẹ́ rẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ṣe é, kò jò. Ọ̀gá san ìdajì owó. Lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ gba ìdajì tó kù, ìyàwó rẹ̀ tó ń ta akàn di akàn ọ̀sà mẹ́ta fún un, pé kó fi ta ọ̀gá lọ́rẹ. Kò bá ọ̀gá nílé. Akàn ṣì wà láàyè, kò fẹ́ kí wọ́n kú, ló bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ó rí omi iyọ̀ àti koríko nínú àpótí ìsàlẹ̀, kò rí ẹja kankan. Ó da akàn sí i, ó sọ fún ọmọ ọ̀dọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ọmọ ọ̀dọ̀ gbàgbé.

Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀gá fóònù. Edé wẹ́wẹ́ tó ń sìn sísàlẹ̀ ti tán, àwọn ẹja òkè ń mí hẹlẹhẹlẹ lójú omi, méjì ti kú. Ó ní òun ò san kọ́bọ̀ mọ́. Oníṣẹ́ gíláàsì wá ń bi mí pé, "Ṣebí òfìfo ni àpótí yẹn? Kí ni mo ṣe?"

Òfìfo kẹ̀? Ẹ̀yìnkùlé ni! Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń se oúnjẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ abọ́. Omi ń gba páìpù sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, pọ́ǹpù ń tì í padà sókè tọ̀sán-tòru. Ìtọ̀ ẹja, ìgbẹ́ ẹja, oúnjẹ tó ṣẹ́kù, amóníà ni gbogbo rẹ̀ ń dà, májèlé sì ni fún ẹja. Bakitéríà tó ń gbé ara òkúta ló ń sọ ọ́ di nitrate, tí oró rẹ̀ kò pọ̀ tó ti amóníà. Koríko òkun tó wà nísàlẹ̀ á wá fi nitrate náà ṣe oúnjẹ. Ẹ sáà mọ bí ẹ̀fọ́ ṣe ń yọ̀ nídìí ààtàn, ohun kan náà ni. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe a máa tan iná sí koríko yìí lóru nígbà tí iná òkè bá kú, kí omi má baà kan.

Inú koríko yẹn ni edé àti kòkòrò omi tí kò ju ẹyọ iyọ̀ lọ ń sá sí, tí wọ́n ń bímọ, torí kò sí ẹja tó máa gbé wọn mì níbẹ̀. Àwọn ọmọ wọn á bá pọ́ǹpù gòkè, ẹja òkè á rí nǹkan jẹ. Ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní mandarin, ó lẹ́wà bí àǹkárá tuntun; bí kò bá rí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀, ebi lè pa á kú níbi tí àwọn yòókù ti ń jẹ àjẹyó. Abájọ tí òyìnbó fi ń pe irú àpótí bẹ́ẹ̀ ní refugium, ibi ìsádi. Walter Adey, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ ní Smithsonian, àti Karen Loveland kọ odidi ìwé lórí irú omi àtọwọ́dá bẹ́ẹ̀ ní 1991.

Ó wá ku akàn. Ìyàwó yín á jẹ́rìí mi: ẹ da akàn àti edé sínú agbada kan náà, ẹ padà wá wò ó. Omi òkun ní nǹkan bí gíráàmù 35 iyọ̀ nínú lítà kan, ti ọ̀sà Èkó kì í sábà tó bẹ́ẹ̀, pàápàá nígbà òjò. Ká ní akàn ọ̀sà ò lè fara da iyọ̀ ni, ì bá sinmi jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ó fara dà á, ó sì jẹun! Èyí tó jẹ kù ló jẹrà, tí amóníà fi pọ̀. Omi òkè àti ti ìsàlẹ̀, omi kan náà ni. Ohun tí ẹ dà sísàlẹ̀, òkè lẹ dà á sí.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń fi ìsàlẹ̀ ṣe ẹ̀wọ̀n fún ẹja oníjà tàbí akàn apànìyàn. N ò bá wọn jà, àmọ́ kí wọ́n gé yàrá tirẹ̀ sọ́tọ̀, kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu pọ́ǹpù, kí wọ́n dé e dáadáa torí akàn mọ ògiri í gùn, kí wọ́n sì máa bọ́ ọ. Ẹlẹ́wọ̀n náà ń jẹun.

Ìdájọ́ mi rèé. Iṣẹ́ gíláàsì lọ́tọ̀, ọ̀rọ̀ akàn lọ́tọ̀. Bí ṣobàtà bá rán bàtà fún mi, tó wá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ṣé n ó ní n ò san owó bàtà? Àpótí ò jò, kí ọ̀gá sanwó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, arákùnrin, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù onílé láìgbàṣẹ. Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì gbà kó yọ owó edé àti ti ẹja méjì kúrò nínú bálánsì. Ọmọ ọ̀dọ̀ ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé e. Kí ọ̀gá tètè kó akàn àti gbogbo òkú kúrò, kó fi omi iyọ̀ tuntun pààrọ̀ apá kan omi náà, kó dín oúnjẹ kù. Koríko, kó má dà á nù o.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ yòókù, ẹ má lo ẹ̀rọ onídẹ, bàbà wà nínú idẹ, bàbà sì ń pa edé. Gọ́ọ̀mù sílíkónì ti ilé ìwẹ̀, tí wọ́n po oògùn mọ́ kó má baà dúdú, ẹ fi sílẹ̀ fún ilé ìwẹ̀. Kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ nínú àpótí ìsàlẹ̀, torí tí iná bá lọ, omi tó wà nínú páìpù àti díẹ̀ nínú ti òkè, ibẹ̀ ni yóò wá bọ́ sí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kápẹ́ẹ̀tì onílé á mu omi iyọ̀.

Ọ̀gá náà ńkọ́, tí ẹ bá rí ìwé ìròyìn yìí? Ẹ kọ tiyín ránṣẹ́ sí mi. N ó tẹ̀ ẹ́ síbí, n ò ní yọ ọ̀rọ̀ kan.