Kí Wọ́n San Owó Kòtò Kí Wọ́n Tó Gbẹ́ Ẹ

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti wà lára ohun àjogúnbá tí UNESCO kà sí ti gbogbo ayé láti 2005, ṣùgbọ́n omi ẹrẹ̀ ló ń ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá. Òkè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ni ẹrẹ̀ náà ti ń wá. Àwọn tó ń wa góòlù níbẹ̀ á gbẹ́ kòtò, wọ́n á da yẹ̀pẹ̀ sórí pákó tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí, wọ́n á fi ẹ̀rọ fa omi lé e lórí. Góòlù á há sínú kápẹ́ẹ̀tì. Ẹrẹ̀ á wọ́ lọ sódò. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi náà.

Ẹ̀ṣọ́ ni ìjọba àpapọ̀ fi dá ọ̀rọ̀ yìí lóhùn. Ní oṣù Kẹta 2024, Dele Alake, mínísítà ohun àlùmọ́ọ́nì, gbé ikọ̀ ẹ̀ṣọ́ Mining Marshals dìde. A ò lòdì sí i. Lẹ́yìn ohun tó bú gbàmù ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ní oṣù Kìíní ọdún yẹn, tí Gómìnà Makinde ti Ọ̀yọ́ sì ní àdó olóró àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ ló fà á, ta ni yóò sọ pé a ò nílò ẹ̀ṣọ́? Àmọ́ ẹ̀ṣọ́ ò lè dí kòtò. Àwọn ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó wa táńganran ní Jos kì í ṣe olè, ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n kó ẹrù wọn lọ, kòtò tó di adágún omi wà níbẹ̀ títí dòní. Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè ni pé kí ẹnikẹ́ni má fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀ láìjẹ́ pé owó tí a ó fi tún ilẹ̀ náà ṣe ti wà ní bánkì, kí a lẹ iye rẹ̀ mọ́ ara ògiri ìjọba ìbílẹ̀, kí owó náà má sì padà sọ́wọ́ rẹ̀ àfi tí baálẹ̀ bá fọwọ́ sí i pé kòtò ti dí. Òfin ìwakùsà ti 2007 ti dá àpò owó àtúnṣe sílẹ̀, abala 116 rẹ̀ sì pàṣẹ kí awakùsà bá ará ìlú ṣe àdéhùn. Àmọ́ abúlé tó gbé kòtò ni kò mọ ohun tó wà nínú ìwé àdéhùn náà.

Àwọn kan á ní èyí á lé olówó sá. Ní oṣù Kọkànlá 2023, ìjọba gba ìwé àṣẹ 1,633 padà nítorí àìsan owó ọdọọdún. Ẹni tí kò rí owó ọdọọdún san, kí ni yóò fi dí kòtò? Kí irú wọn máa lọ.

Ti tálákà ló le jù. Ní Zamfara ní 2010, àwọn ọmọ tó lé ní 400 ni òjé pa, torí inú agbo ilé ni àwọn òbí wọn ti ń lọ òkúta góòlù. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ò ní owó tí wọ́n máa kó sí bánkì. Kí wọ́n wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kí ìjọba máa ra góòlù wọn, kí ó sì máa yọ díẹ̀ sílẹ̀ fún àtúnṣe. Bí iye tí ìjọba ń rà á bá kéré sí ti ọjà, fàyàwọ́ ni yóò kó gbogbo rẹ̀. Ìyẹn ò ṣeé fojú pa rẹ́. Síbẹ̀, ó sàn ju ká máa lé wọn lónìí kí wọ́n padà lọ́la.

Lítíọ̀mù ni wọ́n ń sáré wà báyìí ní Ọ̀yọ́, Kwara àti Èkìtì. Ibẹ̀ ni kí ilé-iṣẹ́ mínísítà ti bẹ̀rẹ̀ ètò owó kòtò yìí, kí ó sì gbé orúkọ ẹni tó san àti iye tó san síta.