Àwo Ìgbọ̀nsẹ̀ Tí Ó Ń Dúró De Ilé



Lẹ́yìn Mísà, bàbá kan fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní: “Olùkọ́, ọmọ mi tí ó wà ní Kánádà sọ pé òtútù fọ́ àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tí òun rà pamọ́ síta. Èmi náà ra tèmi, ẹ̀yìnkùlé ni ó wà. Ọyẹ́ ń bọ̀. Ṣé kò ní í fọ́ ọ?”

Òtútù nìkan kọ́ ni ó fọ́ àwo ọmọ yẹn. Omi tí ó kù ní ọrùn àwo náà ni. Bí omi bá tutù dé ìwọ̀n 0, a di yìnyín, a sì wú: lítà 100 a fẹ́rẹ̀ẹ́ di 109. Àwọn ìyá tí ń ta omi dídì mọ èyí. Wọ́n ń rí bí ọ̀rá ti ń wú. Ọ̀rá lè nà, ṣùgbọ́n amọ̀ tí a fi iná sun kì í nà. Fífọ́ ni í fọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó wà ní ilẹ̀ yìnyín gbọ́dọ̀ da omi inú àwo dànù, kí ó nù ún gbẹ, kí ó sì bò ó kí òjò má wọ̀ ọ́. Ọyẹ́ Adja-Ouèrè kì í sọ omi di yìnyín. Kí bàbá fọkàn balẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwa náà ní ọ̀tá tiwa. Díẹ̀díẹ̀ ni a ń kọ́lé níhìn-ín: ọdún yìí ògiri, ọdún tí ń bọ̀ páànù. Páìpù oníke tí ó bá pẹ́ nínú oòrùn a máa gan, a sì máa ṣẹ́. Ẹ tò ó sábẹ́ ibòji, lórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí ó má baà tẹ̀. Òrùka rọ́bà tí ń dí oríkèé páìpù a máa le, a sì máa sán. Ẹ dì í sínú àpò, ẹ gbé e sínú yàrá. Ẹ gbé àwo dúró lórí pákó, kí ẹ má to nǹkan lé e. Sìmẹ́ńtì kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Ẹ má rà á títí bírílà yóò fi múra tán, nítorí ọ̀rinrin a máa sọ ọ́ di òkúta nínú àpò.

Mo tẹ̀lé bàbá náà délé. Àwo náà ti lo ọdún mẹ́ta ní ẹ̀yìnkùlé. Adìẹ ti ń yé sínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀, arúgbó tí ń fi ọ̀pá rìn, ṣì ń lọ sínú igbó lóru. Mo ní: “Bàbá, kí ni ẹ ń dúró dè?” Ó ní kí ilé parí ni.

Ẹ ka Deutarónómì orí 23. Inú àgọ́ ni àwọn ọmọ Ísírẹ́lì wà nígbà náà, wọn kò tí ì ní ilé. Síbẹ̀ Ọlọ́run pàṣẹ pé kí wọ́n ní ibi ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́yìn ibùdó, kí wọ́n sì máa fi erùpẹ̀ bo ìgbẹ́. Kò ní kí wọ́n dúró di ọjọ́ tí wọn yóò kọ́lé.

Kòtò tí a fi kọ̀ǹkéré bò, tí ó jìnnà sí kànga ní mítà 30 ó kéré tán, àti ògiri amọ̀ mẹ́rin tí a fi páànù bò: èyí tó láti gbé àwo náà kalẹ̀. Korobá omi ni ìyá yóò máa fi ṣàn án.

Ẹ jẹ́ kí a tọ́jú ohun tí a rà, ṣùgbọ́n kí a má tọ́jú àwo ju ìyá lọ.

Kí Olúwa bùkún ilé yín. Àmín.