Orúkọ Ta Ló Wà Nínú Ìwé Grand Jury?

Lẹ́tà kan ṣoṣo ló sọ àwọn ará ìlú Hartford di òkú lójú kọ̀ǹpútà ilé-ẹjọ́. Ìlú yìí wà ní ìpínlẹ̀ Connecticut, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Nígbà tí wọ́n ń kó orúkọ sínú ẹ̀rọ kí ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ lè rí ẹni pè fún iṣẹ́ júrì, ìyẹn àwọn ará ìlú tó ń jókòó gbọ́ ẹjọ́, orúkọ ìlú náà yẹ̀ kúrò ní àyè rẹ̀, lẹ́tà "d" tó gbẹ̀yìn rẹ̀ sì bọ́ síbi tí wọ́n ti ń sàmì sí ipò olúkúlùkù. Níbẹ̀, "d" dúró fún ẹni tó ti kú. Ta ló ń kọ̀wé sí òkú? Bí kò ṣe sẹ́ni tó ránṣẹ́ pe ará Hartford mọ́ nìyẹn. Àwọn ará New Britain nítòsí náà kò sí nínú àkójọ, nítorí àṣìṣe mìíràn. Nígbà tí adájọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò lọ́dún 1992, ó hàn gbangba pé ìlú méjèèjì yìí ni èyí tó ju ìdajì lọ nínú àwọn aláwọ̀ dúdú àti àwọn ẹ̀yà tó ń sọ èdè Sípéènì ní agbègbè ilé-ẹjọ́ náà ń gbé.

Bí ẹ̀rọ tí kò mọ dúdú yàtọ̀ sí funfun bá lè pa odindi ìlú méjì rẹ́, kí ni kí a retí lọ́wọ́ ènìyàn tó mọ ẹni tí òun kò fẹ́? Nígbà tí ẹjọ́ bá dé etí aráyé, adájọ́, agbẹjọ́rò àti ọlọ́pàá ni gbogbo ojú máa ń wò. Ìwọ̀nba ni àwọn tó ń béèrè bí wọ́n ṣe kó orúkọ àwọn tó jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà jọ. Ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀tọ́ ti ń dúró tàbí ti ń wó, pàápàá nínú iṣẹ́ grand jury.

Láti ọdún 1791 ni Àtúnṣe Karùn-ún sí òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà ti pàṣẹ pé kí ìjọba àpapọ̀ tó lè bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́ lórí ọ̀ràn ńlá, kí ó kọ́kọ́ kó ẹ̀rí rẹ̀ wá síwájú àwọn ará ìlú. Àwọn ará ìlú wọ̀nyí ni grand jury. Iye wọn kì í dín sí 16, kì í sì í ju 23 lọ. Ó kéré tán, àwọn 12 gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ìwé ẹ̀sùn tó jáde. Wọn kì í dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ tó láti gbé ènìyàn lọ sílé-ẹjọ́. Wọ́n lè bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè, wọ́n sì lè sọ fún agbẹjọ́rò ìjọba pé ẹ̀rí rẹ̀ kò tó. Oṣù 18 ni ìgbà wọn lè gùn dé, adájọ́ sì lè fi oṣù 6 kún un. Ní ti àwọn ìpínlẹ̀, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sọ lọ́dún 1884 pé kò pọn dandan fún wọn. Àwọn kan ń lò ó, àwọn mìíràn kì í lò ó.

Inú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Adájọ́ kì í jókòó tì wọ́n. Agbẹjọ́rò ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè wọlé. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni náà fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé orúkọ òun wà lẹ́nu wọn. Bí ẹjọ́ bá wá dé iwájú júrì tó ń dá ẹjọ́, agbẹjọ́rò tọ̀tún-tòsì láǹfààní láti wádìí àwọn tí wọ́n pè, kí wọ́n sì ní kí ẹni tó ti ní ẹ̀tanú máa lọ sílé. Grand jury kò ní irú asẹ́ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìwé tí wọ́n ti fa orúkọ yọ ni ààbò pàtàkì tó kù fún ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Lọ́dún 1968 ni àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà gbé òfin kalẹ̀ lórí bí ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ yóò ṣe máa pe àwọn júrì. Òfin náà ní kí wọ́n fa orúkọ yọ láìwo ojú ẹnikẹ́ni, láti inú àkójọ tó kó onírúurú ará agbègbè náà mọ́ra. Ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ni ìpìlẹ̀. Níbi tí ìyẹn kò bá ti tó, kí wọ́n fi àkójọ mìíràn kún un, irú bí ti àwọn tó gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá jáde yóò gba ìwé ìbéèrè. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kí ó ti pé ọmọ ọdún 18, kí ó ti gbé agbègbè náà fún ọdún kan, kí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì lè kọ ọ́. Kò gbọdọ̀ ní ẹjọ́ ọ̀ràn ńlá lọ́rùn. Wọn kì í pe ọmọ ogun tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ọlọ́pàá àti panápaná. Àwọn tó bá yẹ ni wọ́n tún ń fa orúkọ láàárín wọn, àwọn wọ̀nyẹn sì ni ìwé ìpè ń lọ bá. Ẹni tó bá kọ etí ikún sí i láìní ìdí pàtàkì lè san owó ìtanràn tó tó $1,000, ó lè ṣẹ̀wọ̀n ọjọ́ 3, wọ́n sì lè ní kó ṣiṣẹ́ ìlú. Agbanisíṣẹ́ kò sì gbọdọ̀ tìtorí iṣẹ́ júrì lé òṣìṣẹ́ rẹ̀.

Kí òfin yìí tó dé, ọwọ́ àwọn díẹ̀ ni orúkọ wà. Àwọn tó ń kó júrì jọ á lọ bá àwọn ẹni ńlá àdúgbò pé kí wọ́n dárúkọ àwọn tí wọ́n mọ̀ sí èèyàn dáadáa. Ẹni ńlá á dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, aládùúgbò rẹ̀, ẹni tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ohun tí èyí bí, ìtàn kò gbàgbé rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1931, wọ́n mú àwọn ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú 9 nínú ọkọ̀ ojú irin ní Alabama, wọ́n ní wọ́n fipá bá obìnrin aláwọ̀ funfun méjì lò pọ̀. Kò sí aláwọ̀ dúdú kankan nínú grand jury kántì Jackson tó fọwọ́ sí ẹ̀sùn náà, àwọn àgbà ibẹ̀ kò sì rántí ìgbà tí irú rẹ̀ wà rí. Nígbà tí agbẹjọ́rò àwọn ọmọ náà takò ó, àwọn òṣìṣẹ́ gbé ìwé kan jáde tí orúkọ aláwọ̀ dúdú mélòó kan wà nínú rẹ̀. Ẹni tó mọ tinú-tẹ̀yìn ìwé kíkọ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n ti parí ìwé náà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ há orúkọ wọ̀nyẹn mọ́ ọn. Agbẹjọ́rò náà, Samuel Leibowitz, gbé ìwé náà dé Washington, àwọn adájọ́ Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì fi ojú ara wọn rí i. Lọ́dún 1935 ni wọ́n fagi lé ìdájọ́ Clarence Norris, ọ̀kan lára àwọn ọmọ náà.

Kì í ṣe àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù bí Alabama nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní kántì Kings ní California, grand jury tí wọ́n ti lé aláwọ̀ dúdú jìnnà sí ló fẹ̀sùn ìpànìyàn kan aláwọ̀ dúdú kan lọ́dún 1962. Ó di ọdún 1986 kí Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tó fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fagi lé ìdájọ́ rẹ̀. Àwọn kan ní, ṣebí júrì mìíràn ti dá a lẹ́bi lẹ́yìn náà, kí ló kù? Adájọ́ Thurgood Marshall dáhùn pé àbùkù tó bá wọ grand jury ba ìpìlẹ̀ ẹjọ́ jẹ́, kì í ṣe ohun tí ìdájọ́ ìkẹyìn lè wẹ̀ mọ́.

Àwọn tó fẹ́ràn ọ̀nà àtijọ́ máa ń sọ pé iṣẹ́ yìí gba àkókò àti làákàyè, pé ó sàn kí a fọwọ́ yan ẹni tó tó o ṣe. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n kántì Hidalgo ní Texas ti já a nírọ́. Ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará ibẹ̀ ló jẹ́ ẹ̀yà Mẹ́síkò, síbẹ̀ fún ọdún 11, ìdá 39 péré ni wọ́n nínú àwọn tí wọ́n pè sí grand jury. Àwọn ẹ̀yà náà wà lára àwọn tó ń yan orúkọ, síbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló rí. Ilé-ẹjọ́ dá Texas lẹ́bi lọ́dún 1977, àmọ́ ọdún 2015 ni ìpínlẹ̀ náà tó pa ọ̀nà ìfọwọ́yan yìí tì. Ẹni tó bá ń fọwọ́ yan ènìyàn, ẹni tó jọ ọ́ tàbí ẹni tó bọ̀wọ̀ fún un ló máa yàn, ì báà jẹ́ ọmọlúàbí.

Fífi kọ̀ǹpútà fa orúkọ yọ dípò ìfọwọ́yan náà kò tíì yanjú gbogbo rẹ̀. Òfin fàyè gbà á kí àkójọ ńlá ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ pẹ́ tó ọdún 4 kí wọ́n tó tún un kó. Ẹni tó ní ilé tirẹ̀ yóò ṣì wà níbẹ̀. Ayálégbé tó ti kó lọ kó bọ̀ kò ní í rí ìwé náà. Níbi tí wọ́n bá gbára lé ìwé olùdìbò nìkan, ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ láti dìbò kò sí láyé lójú ilé-ẹjọ́. New York ń pa àkójọ márùn-ún pọ̀: olùdìbò, awakọ̀, asanwó-orí, àwọn tó ń gba owó àìríṣẹ́ṣe àti àwọn tó ń gba ìrànwọ́ ìjọba. Ó yẹ kí gbogbo ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Owó $50 lójúmọ́ tí òfin àpapọ̀ ń san fún júrì náà kò tó fún ẹni tó jẹ́ pé ohun tó bá ṣe lójúmọ́ ló ń jẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ti di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní Houston, Maryland, Chicago àti New York. Nàìjíríà tí wọ́n ti wá kì í lo júrì lónìí. Adájọ́ ló ń gbọ́ ẹjọ́ tó sì ń dá a. Ẹni tó bá ti gbọ́ láti kékeré pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́, ìwé ilé-ẹjọ́ lè kó àyà rẹ̀ sókè. Òmíràn á jù ú nù, òmíràn á wá àwáwí. Ṣùgbọ́n ìwé yìí kò pe ènìyàn wá jẹ́jọ́. Ó pè é wá jókòó láàárín àwọn tí ìjọba gbọ́dọ̀ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí kò tíì di ọmọ orílẹ̀-èdè náà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe é: kí ó sọ òótọ́ nínú ìwé ìbéèrè, kí ó sì dá a padà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi fóònù pè pé o kọ ìpè júrì, kí o yára sanwó kí wọ́n má baà wá mú ọ, gbájú-ẹ̀ ni. Ilé-ẹjọ́ àpapọ̀ kì í gba owó ìtanràn lórí fóònù.

Agbára tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ẹnu lásán. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ọkùnrin kan ju sáńwíìsì lu òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Washington, ìjọba sì fẹ́ fi ẹ̀sùn ọ̀ràn ńlá kàn án. Àwọn ará ìlú tó wà nínú grand jury kọ̀ jálẹ̀, ẹ̀sùn kékeré ni ìjọba padà gbé lọ sílé-ẹjọ́.

Ọjọ́ tí ọmọ Yorùbá bá búra di ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni ó yẹ kó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, nítorí ojú ọ̀nà kan náà ni orúkọ rẹ̀ fi ń dé ilé-ẹjọ́. Bó bá kó kúrò nílé, kí ó tún àdírẹ́sì rẹ̀ ṣe lọ́dọ̀ àwọn tó ń forúkọ olùdìbò sílẹ̀ àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó ń ṣèpàdé lóṣooṣù lè fi èyí sára ohun tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ẹgbẹ́ tuntun, kí ẹni tó ti jókòó nínú grand jury rí sọ fún wọn bí wọ́n ṣe pè é àti bí ó ṣe tọrọ àyè níbi iṣẹ́, láìtú àṣírí tó búra pé òun ò ní sọ.