Póìǹtì Kì í Ṣe Ogún
Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo ṣí fóònù mi, mo rí i pé póìǹtì tí mo ti ń kó jọ ní òtẹ́ẹ̀lì kan láti ọjọ́ yìí ti di òdo. Òdo rọ̀bọ̀tọ̀, bí ojú ẹja. Ẹ̀bi mi ni: mò ń ṣahun sí i, mo ní ó di ìgbéyàwó àbúrò mi. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá pọ́n jù, a ṣì lè fi dín mósà. Póìǹtì tó bá kú, mósà wo lẹ fẹ́ fi dín? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ti Marriott tàbí Hilton, bí ohunkóhun ò bá wọlé tàbí jáde fún oṣù 24, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ má tìtorí ìyẹn sáré fi gba aago tàbí tósítà o. Ọjà ọ̀wọ́n gbáà ni. Oorun ni kí ẹ fi sùn. Ní Marriott, ẹni tó fi póìǹtì gba yàrá fún alẹ́ márùn-ún léra wọn, póìǹtì alẹ́ mẹ́rin ni yóò san. Bí ìrìn àjò ò bá sì tíì sí, ẹ fowó díẹ̀ ra póìǹtì kún un, kí oṣù tún bẹ̀rẹ̀ látorí ení. Àbúrò mi ti gbọ́. Ó ní ṣé pálọ̀ mi ni àwọn àlejò ìgbéyàwó òun yóò wá sùn báyìí.