Ọ̀rọ̀ Olóòtú: Ẹ Jẹ́ Kí Àgbà Fẹsẹ̀ Rìn Dé Ojúbọ

Ìbà Olódùmarè. Ìbà Èṣù Láàlú, onílé oríta. Ìbà Ògún tó la ọ̀nà tí a fi ń rìn. Ìbà ẹ̀yin àgbà wa, nítorí ọ̀rọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ tòní.

Ní èṣí, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ku díẹ̀, ẹgbẹ́ wa pinnu pé kí àwọn kan nínú wa fẹsẹ̀ rìn láti Ilé-Ifẹ̀ dé Òṣogbo. Ìyá Ọ̀ṣun kan láàrin wa, ẹni ọdún 72, dìde ní ìpàdé, wọ́n ní àwọn náà yóò rìn. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a bẹ ìyá pé kí wọ́n má wulẹ̀ ṣe ara wọn léṣe, a sì fún wọn ní ìjókòó iwájú nínú bọ́ọ̀sì.

Nígbà tí a pàdé lẹ́nu igbó Ọ̀ṣun, eruku bo ẹsẹ̀ àwọn tó rìn. Ìyá wo ẹsẹ̀ tiwọn tó mọ́ tónítóní, wọ́n sì bi àwọn ọ̀dọ́ léèrè pé, “Ṣé ẹ kí onílé abẹ́ ìrókò tó wà ní oríta? Ṣé ẹ fi obì sílẹ̀ fún un?” Àwọn ọ̀dọ́ ń wo ara wọn lójú. Wọn kò mọ̀ pé ojúbọ kan wà níbẹ̀. Ìyá ìyá yìí ti mú wọn gba ibẹ̀ kọjá ní kékeré, ó sì ti kọ́ wọn ní ohun tí à ń sọ bí a bá débẹ̀. Ìyá mi kanlẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ ti gbé mi débí, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n èmi kò tíì wá.”

Ọ̀rọ̀ yìí kò kúrò létí wa láti ìgbà náà. Àwọn tó rìn kò mọ̀, ẹni tó mọ̀ kò sì rìn. Àwa tí a wà nídìí ètò ẹgbẹ́ ni a jẹ̀bi, kì í ṣe ẹlòmíràn. A rò pé ọlá ni a ń dá àgbà, a kò mọ̀ pé ẹnu ọ̀nà ìmọ̀ ni a ń tì.

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a ti sọ òwe yìí di okùn tí a fi ń so àgbà mọ́ àga. Níbo ni àgbà ti rí ohun tó ń rí lórí ìjókòó? Ṣé orí ìjókòó náà ni? Ìrìn tó ti rìn ni. Ẹni tí kò rin ọ̀nà kan rí, bó jókòó di ọ̀la, kò ní rí nǹkan kan sọ nípa rẹ̀. Bí ẹni tó rin ín kò bá sì bá wa padà sójú ọ̀nà, bí ó ti wù kó máa ròyìn fún wa tó, kò lè nawọ́ sí igi, kò lè fi òkúta hàn wá, kò lè sọ pé, “Ibí yìí ni.”

Ẹ rántí ohun tí Ifá kọ́ wa nípa ẹsẹ̀. Nígbà tí àwọn Orí péjọ láti gbìmọ̀, tí wọn kò pe ẹsẹ̀ sí i, ìmọ̀ràn wọn kò délé. Kò sí orí tí yóò gbèrò ire kó yọ ẹsẹ̀ sílẹ̀ tí èrò náà yóò ṣẹ. Bí a bá ka ẹ̀kọ́ yìí lójú opọ́n, tí a wá ń sọ fún àgbà pé kó máa fi orí nìkan sin Òrìṣà, a ti gbàgbé ohun tí a kà.

Ẹ wo ọdún Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀. Ìwọ́pópó ni a fi ń bẹ̀rẹ̀ ọdún náà, ètò tí a fi ń tún ọ̀nà ṣe. Ọ̀nà ni a kọ́kọ́ tọ́jú kí a tó dé ìdí odò. Bí ọjọ́ ńlá bá sì pé, tí Arugbá gbé igbá lérí, ẹsẹ̀ ni ó fi ń lọ. Kò sí ẹni tí yóò ní kí a gbé igbá náà sínú ọkọ̀ kó lè tètè dé. Gbogbo wa mọ̀ nínú ara wa pé ìrìn náà jẹ́ ara ẹbọ. Kí ló dé tí a fi rò pé ohun tó jẹ́ ẹbọ lẹ́sẹ̀ Arugbá yóò jẹ́ wàhálà lásán lẹ́sẹ̀ àgbà?

Ọdún 1907 ni ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo. Kó tó dé, ẹni tó bá ti ìlú mìíràn wá bọ Ọ̀ṣun, ẹsẹ̀ tàbí ẹṣin ló gbé e wá, ẹsẹ̀ sì ni ti ọ̀pọ̀ ènìyàn. Arúgbó wà lára wọn. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO kọ igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo àgbáyé, inú wa sì dùn. Ṣùgbọ́n igbó ni wọ́n kọ sílẹ̀. Àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ tó lọ síbẹ̀, àwọn ibi tí à ń dúró kí àwọn onílẹ̀, àwọn odò kéékèèké tí à ń bọ́ bàtà kí a tó là kọjá, inú àgbà ni a kọ wọ́n sí. Ìwé náà sì ń gbó.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àlá lásán ni à ń lá, ẹ jẹ́ kí a wo ibi kan tí wọn kò ti jẹ́ kí irú ìrìn báyìí kú. Erékùṣù kan wà ní orílẹ̀-èdè Jàpáànì tó ń jẹ́ Shikoku. Ilé ìsìn 88 ló yí i ká, ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀ sì tó nǹkan bí 1,200 kìlómítà. Ẹlẹ́sìn Búdà ni wọ́n. Ìrántí àlùfáà kan tó ń jẹ́ Kūkai, tí wọ́n bí ní ọdún 774 tó sì papò dà ní ọdún 835, ni wọ́n fi ń rìn ín. Kōbō Daishi ni orúkọ oyè tí wọ́n fún un lẹ́yìn tó ti lọ. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rin gbogbo ọ̀nà náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ta ni ń rìn ín? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn jẹ́ ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni ọgọ́ta ọdún wà níbẹ̀, ẹni àádọ́rin ọdún wà níbẹ̀. Ẹlòmíràn ń rìn nítorí ọkọ tàbí aya tó kú, ẹlòmíràn nítorí pé ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn, ó wá fẹ́ mọ ẹni tí òun jẹ́. Bọ́ọ̀sì ń gbé àwọn èrò kiri àwọn ilé ìsìn náà, àwọn tó sì ń lo ọkọ̀ pọ̀ ju àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ lóde òní. Ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé nítorí bọ́ọ̀sì, kí àgbà tó fẹ́ rìn jókòó.

Aṣọ funfun ni wọ́n ń wọ̀. Láyé àtijọ́, aṣọ tí wọ́n lè fi sin wọ́n ni. Ẹni tó bá kú sójú ọ̀nà, ọ̀pá tó fi ń tilẹ̀ ni wọn yóò rì mọ́ ojú oórì rẹ̀. A kò sọ èyí kí ẹnikẹ́ni lè lọ wá ikú. A sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé àwọn ènìyàn yìí kò fi ìbẹ̀rù ikú dí ọ̀nà ìsìn mọ́ àgbà.

Ọ̀pá náà ní ìtumọ̀ mìíràn. Wọ́n gbà pé Kōbō Daishi fúnra rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá ń dá rìn kò dá rìn: méjì ni wọ́n. Bí arìnrìn-àjò bá dé ibi tí yóò sùn, ẹsẹ̀ ọ̀pá ni yóò kọ́kọ́ fọ̀ kó tó fọ ẹsẹ̀ tirẹ̀. Ẹ̀yin awo, ṣé ohun tí à ń sọ kò jọ ohun tí ẹ mọ̀? Ọ̀pá ọ̀sùn tiwa kì í dùbúlẹ̀. Ìdúró ṣánṣán ni à ń bá a. Ifá sì bèèrè pé nínú gbogbo Òrìṣà, èwo ló lè bá olùfẹ́ rẹ̀ rin ìrìn àjò jíjìn tí kò ní padà lẹ́yìn rẹ̀. Òrìṣà kọ̀ọ̀kan ní ibi tó ti ń dúró. Orí nìkan ló ń báni dé òpin. Àwa náà kì í dá rìn. Àgbà tó bá gbé ọ̀pá nílẹ̀, tó sì bọrí kó tó jáde, ó ti ní ẹnì kejì.

Ohun kẹta ni ti àwọn ará ìlú. Bí arìnrìn-àjò bá ń kọjá ní Shikoku, àwọn tó ń gbé lójú ọ̀nà a máa fún un ní èso, tíì, oúnjẹ, nígbà mìíràn owó tàbí ibi ìsùn. Wọ́n gbà pé ẹni tó fúnni náà ti bá a rìn. Ìdí nìyẹn tí àgbà fi lè rìn níbẹ̀: ọwọ́ púpọ̀ ló gbé e ró. Kẹrin, kò pọn dandan kí ènìyàn rìn ín tán lẹ́ẹ̀kan. Ó lè rin díẹ̀ lọ́dún yìí, kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀ síbi tó dúró sí. Ẹlòmíràn fi ọ̀pọ̀ ọdún rìn ín tán, ìrìn rẹ̀ sì pé.

A mọ ohun tí ẹ̀yin ọmọ yóò sọ. Ẹ ó ní ẹ̀jẹ̀ ìyá ń ru, ẹ ó ní orúnkún baba ń dùn wọ́n, ẹ ó ní ọ̀nà kò dára, àwọn ajínigbé wà níta. Kò sí èyí tí a lè pè ní irọ́ nínú rẹ̀. Ìfẹ́ ló ń mú yín sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ewu tí a bá rí ni à ń dá ọgbọ́n sí. Ìdí kọ́ nìyẹn tí a ó fi sọ fún àgbà pé ìrìn rẹ̀ ti parí nígbà tí òun fúnra rẹ̀ kò tíì wí bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí a pinnu fún ọdún yìí nìyí. Láti Ifẹ̀ dé Òṣogbo ju 30 kìlómítà lọ. Èṣí, ọjọ́ méjì ni àwọn ọ̀dọ́ fi rìn ín. Lọ́dún yìí, a ó pín in sí ọjọ́ márùn-ún. Àgbà ni yóò wà níwájú, ìrìn tiwọn ni gbogbo wa yóò máa tẹ̀ lé. Ọ̀dọ́ tó bá ń kánjú, kó gbé omi tàbí ẹrù àgbà, yóò fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Ìdájí ni a ó máa gbéra, a ó sì ti wọlé kí oòrùn tó mú. Ojúmọmọ nìkan ni a ó rìn, gbogbo wa lápapọ̀, a ó sì fi tó àwọn ọlọ́pàá àti Àmọ̀tẹ́kùn létí. Ọkọ̀ kan yóò máa tẹ̀ lé wa pẹ̀lú oògùn àti ẹni tó mọ ìtọ́jú aláìsàn. Ẹni tó bá rẹ̀ yóò wọ ọkọ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ibi tó dúró sí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Àgbà tó bá fẹ́ lọ, kó bi Ifá, kó sì bi dókítà. Ọ̀kan kò dípò èkejì. Kó má gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ. Kó bẹ̀rẹ̀ láti oṣù méjì ṣáájú, kó máa rìn díẹ̀díẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀ lójoojúmọ́ títí ara yóò fi mọ̀ ọ́n. Bàtà tí ẹsẹ̀ ti mọ̀ ni kó wọ̀, kì í ṣe tuntun.

Ẹ̀yin oníṣẹ̀ṣe tí ilé yín wà lójú ọ̀nà, ẹ̀yin ni a ń bẹ̀ jù. A kò tọrọ owó. Omi tútù, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ẹní kan tí àgbà lè nà lé fún wákàtí kan, ti tó. Ẹni tó fún wọn lómi ti bá wọn dé ìdí odò Ọ̀ṣun.

Ọ̀dọ́ kan yóò máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbà kọ̀ọ̀kan, iṣẹ́ rẹ̀ sì ju kó di ọwọ́ wọn mú lọ. Yóò máa béèrè, yóò sì máa kọ ìdáhùn sílẹ̀: igi wo nìyí, ta ló ń gbé ibẹ̀, kí ni à ń sọ bí a bá débẹ̀, kí ni èèwọ̀ rẹ̀. Bí àgbà bá ní kí a dúró, a ó dúró.

A lọ kí ìyá Ọ̀ṣun wa ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. A dọ̀bálẹ̀, a tọrọ àforíjì fún ẹ̀rín èṣí, a sì bẹ wọ́n pé kí wọ́n wá ṣáájú wa. Wọn kò dá wa lóhùn kíákíá. Wọ́n wọlé, wọ́n mú ọ̀pá kan jáde tí ọwọ́ ti dán, wọ́n ní ti ìyá àwọn ni. Wọ́n wá bi wá pé obì mélòó ni a rà, nítorí pé onílé abẹ́ ìrókò yóò béèrè ti èṣí mọ́ ti ọdún yìí.

Ọ̀nà á là o. Ẹsẹ̀ wa kò ní kọ. A ó lọ ire, a ó bọ̀ ire.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Àṣẹ.