Ẹ Jẹ́ Ká Máa Kọ Iye Ọjà Wa Sílẹ̀

 

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin àwa àti oníbàárà. Ní oṣù kejì ọdún 2025, NBS, iyẹn ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìṣirò nǹkan ìlú, kéde pé ọ̀wọ́n ọjà ti oṣù kìn-ín-ní jẹ́ 24.48 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti oṣù kejìlá ọdún 2024 tó ṣíwájú rẹ̀, 34.80 ni. Oníbàárà gbọ́ ọ lórí rédíò, ó ní: “Ìyá, wọ́n ní ọjà ti wálẹ̀, kí ló dé tí tiyín ò wálẹ̀?” Bí wọ́n ṣe sọ wá di olójúkòkòrò nìyẹn.

Lójú tèmi o, ìjọba ò purọ́, àwa náà ò purọ́. Ìṣirò yẹn ni kò yé tọ̀tún tòsì.

Ìkíní, bí ọ̀wọ́n bá dín, kò ní kí owó ọjà já. Ká ní ọjà kan jẹ́ ₦1,000. Ó fi 35 nínú ọgọ́rùn-ún lé lọ́dún kan, ó di ₦1,350. Lọ́dún kejì ó tún fi 20 lé e, ó di ₦1,620. Ẹ ò rí i? Ìṣirò wálẹ̀ láti 35 sí 20, ọjà ò wálẹ̀. Eré ló dín, mọ́tò ò padà sẹ́yìn.

Ìkejì, wọ́n pààrọ̀ òṣùwọ̀n. Tẹ́lẹ̀, iye ọjà ọdún 2009 ni wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀. Wọ́n wá gbé e sí ọdún 2024. Oúnjẹ tó kó ju ìdajì lọ nínú ìṣirò àtijọ́ wá di bí 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò burú, òṣùwọ̀n àtijọ́ ti gbó. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi kóńgò kan wọn gàrí lánàá, tó fi òmíràn wọ̀n ọ́n lónìí, kò lè ní gàrí ti dínkù.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, fún àwọn ọlọ́jà ní oṣù kan péré kí wọ́n fi já owó ọjà wálẹ̀. Bí irú ẹ̀ bá tún dé, kí la máa fi hàn? Igbe nìkan ò tó. Ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ, ṣùgbọ́n ìwé ló ń gbe ẹnu lẹ́sẹ̀.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan. Lóṣooṣù, kí ẹni tó mọ̀wé wọ ìsọ̀ márùn-ún, kó kọ iye tí a rà á, owó ọkọ̀, owó alábàárù, àti iye tí a tà á. Kóńgò kan náà ni o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti lù nídìí.

Ẹ má sì gba iye ẹnì kan gbọ́. Ká ní gàrí jẹ́ ₦900, ₦950, ₦950, ₦1,000, tí ẹni karùn-ún ń ta àṣàyàn ní ₦1,700. Tí a bá pa á pọ̀ tí a pín in sí márùn-ún, ₦1,100 ni, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń tà á bẹ́ẹ̀! Ẹ tò ó láti kékeré dé ńlá, kí ẹ mú ti àárín: ₦950. Òun ni òótọ́ ọjà. Ẹ má sì fi iṣu oṣù kẹrin wé iṣu tuntun oṣù kẹjọ; oṣù kẹjọ èṣí ni kí ẹ fi wé e.

Àwọn kan á ní agbowó-orí máa fi ìwé yìí mú wa. Rárá o. Iye kóńgò kan la fẹ́ kọ, kì í ṣe iye tí èèyàn pa lóòjọ́. Iye kóńgò kì í ṣe àṣírí, ẹni tó ń kọjá lọ lè béèrè.

Ẹ jẹ́ ká fẹnu kò lé e lórí ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ọjà á tà o.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ yín ni.